Ilé Adìẹ Tí Níyì Kọ́

"Ilé tí mo kọ́ sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀," ni Níyì wí, "bí àkùkọ bá kọ ní yàrá iwájú láàárọ̀, àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn á ti jẹun ọ̀sán tán kí wọ́n tó gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá Èyítáyọ̀ sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé ní Ùsì-Èkìtì. Kò tiẹ̀ tíì kí i. Bíríkìlà ni Níyì, orí àkàbà ló wà, ó ń rẹ́ ògiri ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì fẹ́ ta ilé náà. Èyítáyọ̀ ní tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ilé wò tinú-tòde, kó wọ̀n ọ́n, kó sì sọ iye tó yẹ kí wọ́n tà á.

Èyítáyọ̀ gbójú sókè wò ó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, baálé ilé ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi di orí téèpù yìí mú."

Níyì sọ̀ kalẹ̀. Àbí kí n kúkú ní ó jábọ́? Ó di orí téèpù mú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́.

Èyítáyọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kan ògiri, kó-kó-kó, ó dẹ etí sí i. "Wọ́n sọ fún mi pé búlọ́ọ̀kù ni. Amọ̀ ni ògiri yìí, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó lójú." Ó wo àjà, ó rí àbàwọ́n omi kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní páànù ti ń jò lápá ibẹ̀. Ó bèèrè ibi tí omi òjò ń gbà. Ó bèèrè bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó.

Níyì la ẹnu sílẹ̀. Ọmọbìnrin yìí, bó bá wo òkè kan fẹ́ẹ́, á sọ iye òkúta tó wà nínú rẹ̀, á tún nawọ́ sí èyí tó ń gbèrò àtiyí lulẹ̀!

"Èyítáyọ̀," ni Níyì wí, "bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ní kí n díye lé, gbogbo Èkìtì á ta ilé, á ta ilẹ̀, owó ò ní pé."

"Ẹlẹ́nu!" ni ọmọbìnrin náà fèsì, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Bó o bá sá iṣu síwájú rẹ̀, á gbẹ di èlùbọ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Èyítáyọ̀ bá níṣẹ́ ní Ìdó, Níyì á gun ọ̀kadà lọ bá a di téèpù mú. Bó bá lọ sí Ìkọ̀lé, Níyì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Níyì ń pè é ní Adùn-ún-wò mi, òun náà ń pe Níyì ní Ẹlẹ́nu mi.

Ẹnu náà ni ò jẹ́ kí nǹkan rọrùn. Ojoojúmọ́ ni ilé Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ń tóbi sí i. Ó di ilé alájà. Ó ní ilé ìdáná méjì. Ó tún ní yàrá kan tí tọkọtaya á máa lọ bínú sí.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé kékeré kan ni Níyì kọ́, fún ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Àkànkẹ́, tó tọ́ ọ dàgbà. Yàrá kan níbẹ̀ lòun náà ń sùn. Ilé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Emmanuel tó ń gbé Àbújá ni. Níyì ló ń bá a kọ́ ọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé etí bàbá Èyítáyọ̀, Bàbá Olúrẹ̀mí, àgbẹ̀ kòkó ní Ayédé, bàbá ní, "Ọmọ mi, o ń yẹ ilé onílé wò kiri, o ò wá ní yẹ ilé ọkọ rẹ wò? Lọ wò ó. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ọmọkùnrin náà má tẹ àgbàlá mi mọ́. Ẹni tó lè purọ́ ilé, kí ni ò lè pa mọ́ ìyàwó?"

Níyì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá pàdánù Èyítáyọ̀, kí ló kù fún un láyé? Dípò kó jẹ́wọ́, ó gbá ilé Emmanuel mọ́ tónítóní.

Èyítáyọ̀ dé pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Níyì di orí rẹ̀ mú, wọ́n ń lọ láti yàrá dé yàrá.

"Ògiri yìí tọ́ o. Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ mi yìí ni." Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

"Ọwọ́ rẹ dára, Ẹlẹ́nu mi."

Àyà Níyì wú tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan fò jáde, díẹ̀ ló kù kó pa ẹyẹ.

Èyítáyọ̀ dúró lójú fèrèsé ẹ̀yìn. "Ilé kékeré yẹn ńkọ́? Wo àtẹ̀gùn rẹ̀ bó ṣe rẹlẹ̀, tí wọ́n fi irin ìdìmú sí i. Wọ́n gbé omi sẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tó ń gbébẹ̀ má baà rìn jìnnà. Ẹni tó kọ́ ọ fẹ́ràn ẹnì kan gan-an ni."

Òótọ́ dé góńgó ahọ́n Níyì. Ó kù díẹ̀ kó tu ú jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu tí irọ́ ti mọ́ lára!

"Ìyẹn? Ilé adìẹ mi ni."

"Ilé adìẹ, tó ní irin ìdìmú?"

"Adìẹ ọ̀hún ti dàgbà. Orúnkún ń dùn ún."

Ni ilẹ̀kùn ilé adìẹ bá ṣí. Màmá Àkànkẹ́ yọ, ó di irin mú. "Níyì! Ulé mi lo ń pè ní ulé adìẹ? Ìgbà wo ni mo yé ẹyin fún ọ?"

Bàbá Olúrẹ̀mí yọ lẹ́yìn rẹ̀, iyán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Adìẹ yìí mọ iyán gún o!"

Níyì yíjú sí Èyítáyọ̀. "Ìgbà wo lẹ dé?"

"Kí n tó wọ ilé kankan, aládùúgbò ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ní ààlà. Màmá ló fi ààlà hàn wá láàárọ̀. Wọ́n sọ ẹni tó nilé, wọ́n sì sọ ẹni tó kọ́ ọ."

Gbogbo ilé tí Níyì ti fi ẹnu kọ́ wó lé e lórí, tòun ti yàrá ìbínú.

"Mo ti fi ọ̀pá mi gún ògiri màmá yìí káàkiri," ni Bàbá Olúrẹ̀mí ké láti ìta. "Kò lanu níbì kankan. Gbogbo lílanu tó yẹ kó lanu, ẹnu bíríkìlà ló kó o lọ! Ọwọ́ rẹ ò purọ́, ọmọkùnrin. Ọwọ́ yẹn ni mo fọmọ fún. Ẹnu rẹ ló kù tí a máa rẹ́."

"Ilé kékeré yẹn ni mo fẹ́," ni Èyítáyọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Yàrá kan ti tó mi, bó o bá wà níbẹ̀."

Níyì lanu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìtìjú mú un, ó fo fèrèsé, ó di eré!

Àárín ẹ̀gẹ́ ló gbà, téèpù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ṣìììì. Orí téèpù ṣì wà lọ́wọ́ Níyì. Èyítáyọ̀ ò fà á, kò sì tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

"Máa sá lọ, Ẹlẹ́nu mi!" Ẹ̀rín rẹ̀ gba gbogbo oko kan. "Téèpù yìí ní òpin o!"

Níyì ń sá lọ. Ṣùgbọ́n kò ju orí téèpù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.