Afárá Tí Ẹnikẹ́ni Ò Béèrè Fún

Bọ́tà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́, báàgì léjìká, wọ́n ń gba ọ̀nà tóóró tó kọjá láàárín àwọn ilé tuntun. Bí wọ́n ṣe kọjá ṣọ́ọ̀bù aránbàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà tán, Bọ́tà na ọrùn, ó ranjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọkùnrin náà jẹ: "Bà-bà-bàtà yín á ... á ... á ti ṣe tán ló-ló-lọ́la." Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹta náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí pé bàbá rẹ̀ ni aránbàtà náà.

Ẹ má kórìíra Bọ́tà o. Bàbá rẹ̀ kọ́ ilé alájà mẹ́ta sókè lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ajẹbọ́tà, tí wọ́n wá gé e kúrú. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní bíréèkì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, ọmọ aránbàtà yẹn, Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn láti kékeré, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ọmọ náà lẹ́nu, kò sí àní-àní. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà, kò sì pẹ́ tó débẹ̀ tí wọ́n fi mú un láti máa ṣojú wọn níbi àríyànjiyàn. Gbogbo nǹkan ló lè sọ níwájú èrò. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni ọmọ ta lòun.

Bàbá rẹ̀ sì mọ̀. Bó bá rí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́ọ̀ọ́kán, tó rí i pé ọmọ òun kò dá rìn, á tẹ orí mọ́ bàtà tó ń rán títí wọ́n á fi kọjá. Lọ́yà a máa dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ọpẹ́ ọ̀hún a sì máa dùn ún.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àdúgbò náà ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tó jẹ́ igbó lánàá, òrùlé ti bò ó lónìí. Ọkọ̀ wá pọ̀ ju ọ̀nà lọ, ni ìjọba bá ní àwọn máa fa títì márosẹ̀ láti ìgboro wá síbẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Àwọn tó ní ọkọ̀ ń yọ̀, àwọn tí kò ní náà ń bá wọn yọ̀, bí ẹni pé wọ́n máa pín ọkọ̀ fún wọn pẹ̀lú títì náà.

Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ọ̀nà tóóró yẹn ni títì máa gbà kọjá. Ọ̀nà ọ̀hún ni gbogbo ará ìsàlẹ̀ àdúgbò ń gbà lọ sí ilé ìwòsàn, sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí ibùdókọ̀. Bí wọ́n bá fi ògiri àárín títì dí i, tí wọn ò fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí èèyàn lè gbà sọdá sí i, àfi kéèyàn máa rìn yí ká títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Ẹni mẹ́ta ló sì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà náà: aránbàtà, télọ̀ àti onígbàjámọ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ kọjá ni oníbàárà wọn. Bí ọ̀nà bá dí, iṣẹ́ wọn dí nìyẹn.

Ìjọba rán ẹnjiníà kan, obìnrin ni, pé kó wá gbọ́ tẹnu ará àdúgbò kí wọ́n tó fọwọ́ sí àwòrán títì náà. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ Lọ́yà ni wọ́n fi ìpàdé sí. Ìyàwó télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, onígbàjámọ̀ sì ní ọjọ́ yẹn gan-an ni èrò máa ń wá gẹrun jù. Wọ́n ní kí aránbàtà lọ ṣojú àwọn. Télọ̀ bi í pé ta ló máa wá bá a sọ ọ́, torí gbogbo wọn mọ̀ pé bí èrò bá ti pé jọ, ṣe ni ahọ́n rẹ̀ á so pọ̀. Aránbàtà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ní lọ́yà nílé.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ wọn, tó tún jẹ́ yàrá tí Lọ́yà ń sùn. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn, ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí tábìlì. Bàbá rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì ya títì náà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé bàtà ọmọdé kan tí wọ́n fẹ́ tún ṣe síbi tí afárá yẹ kó wà. Ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Ó sọ nípa àwọn aláboyún tó ń gbabẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, àti àwọn ọmọ kéékèèké tó ń dá lọ sílé ẹ̀kọ́. Lọ́yà dìde, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé adájọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró ṣánṣán kó lè gbọ́ dáadáa.

"Màá ... màá dìde," ni bàbá rẹ̀ wí, "kí wọ́n lè mọ̀ pé a ní ... a ní ọ̀rọ̀. Ìwọ á wá sọ ọ́."

Lọ́yà ní kò sí wàhálà. Òótọ́ ló sì ń sọ, ó fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa kó odindi kíláàsì wọn wá síbi ìpàdé náà, kí wọ́n lè rí bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe di pé ó jókòó sí àárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tí ìgbúnwọ́ Bọ́tà wà ní ìhà rẹ̀. Ẹnjiníà gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri, ó ń fi igi tọ́ka sí i. Àwọn onílé sọ̀rọ̀ títí nípa ilé tí wọ́n máa wó. Ẹnì kan tó wá láti ilé epo dìde, ó ní kí wọ́n fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ síwájú ilé epo àwọn. Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbé igi ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀nà tóóró náà.

"Ibí yìí ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ gbabẹ̀ kọjá?"

Bàbá Lọ́yà dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀. "Ẹ-ẹ-ẹnjiníà, ọ̀-ọ̀-ọ̀ ..." Ọ̀rọ̀ há. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún há. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbi táwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sí. Bọ́tà fi ìgbúnwọ́ gún Lọ́yà, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé aránbàtà àwọn nìyẹn, kí ó máa wò ó.

Bàbá rẹ̀ yíjú sọ́dọ̀ wọn. Ó wá a títí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin, ó sì mi orí sí i díẹ̀, pé ó yá. Ọ̀rọ̀ náà pé lẹ́nu Lọ́yà, kò gbàgbé ìkankan níbẹ̀. Kó ṣáà dìde ni. Ó rò ó pé bí òun bá dìde, wọ́n á bi òun pé báwo lòun ṣe mọ̀ ọ́n. Ó rántí gbogbo ẹ̀rín tí òun ti bá wọn rín. Ó tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ nǹkan?" Ẹnjiníà tún béèrè. Ó sì dúró dè é, ká má parọ́ mọ́ ọn.

Ó rọrùn fún bàbá náà láti na ìka sí ọmọ rẹ̀ kó ní, ẹ bi ẹni tó jókòó yẹn. Kò nà án. Ó wo orí tí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ba yẹn, ó mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kò há rárá.

"Rárá, mà. Ẹ ṣeun."

Ó jókòó. Ẹnjiníà gbé igi kúrò lórí ọ̀nà tóóró náà, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tó délé, kò bá Lọ́yà wí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé èrò pọ̀ jù, àyè ò kan àwọn láti sọ̀rọ̀. Ó sọ fún télọ̀ àti onígbàjámọ̀ pé òun lẹ̀rù bà, kí wọ́n má bínú. Lọ́yà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí bàbá òun ṣe ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wù ú kí ó na òun. Ó wù ú kí ó tiẹ̀ pariwo mọ́ òun. Bàbá rẹ̀ kàn béèrè bóyá ó ti jẹun ni.

Kátakátá dé, wọ́n wó, wọ́n hú, wọ́n da ọ̀dà. Títì náà dára, ó ń dán. Ògiri tó ga dé àyà wà láàárín rẹ̀, irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo sì wà níwájú ilé epo, lọ́nà jíjìn réré. Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò wó? Wọ́n wà níbẹ̀ digbí, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọlé. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kẹ́rù. Nígbà tí télọ̀ náà ń lọ, ó ní òun ò bínú o, ṣùgbọ́n òun ò yéé rò ó pé ká ní àwọn ti sọ̀rọ̀. Aránbàtà dá nìkan jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, òun náà bá ti ilẹ̀kùn pa.

Ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bàtà kan nígboro. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ní kó máa fi lẹ ìsàlẹ̀ bàtà, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òórùn gọ́ọ̀mù náà máa ń bá a wálé. Ọkùnrin tó máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n á sì fi sùúrù gbọ́ ọ, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Lọ́yà náà wá ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kó lè rìn yí ká dé ilé ìwòsàn.

Bọ́tà gan-an ló fa ọ̀rọ̀ náà yọ lọ́jọ́ kan. Bàtà rẹ̀ já, ó ń ráhùn pé aránbàtà tó mọ iṣẹ́ kò sí ládùúgbò mọ́. Lọ́yà kò mọ ìgbà tó sọ ọ́, ó ní, "Bàbá mi ni." Bọ́tà wò ó, ó kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé omi ti lé ròrò sójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ló wí. "Ṣé o rò pé màá ṣì máa sín in jẹ ni?"

Lọ́yà nu ojú rẹ̀. Odindi ohun tó ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá, kò ju báyìí lọ.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, ó ní kí bàbá òun gbààyè níbi iṣẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ọ́fíìsì ẹnjiníà. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, Lọ́yà wọlé. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó sọ ti aláboyún, ó sọ ti ọmọdé, ó sọ ti ìyá rẹ̀. Ẹnjiníà gbé bírò sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Ká ní mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ ìpàdé, ẹnu ọ̀nà yín ni à bá kọ́ afárá sí," ló wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ni owó wa ká. Àwọn elépo béèrè, ẹ̀yin ò béèrè. Mo bi bàbá kan lẹ́ẹ̀mejì. Níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀, mà," ni Lọ́yà dáhùn. "Bàbá mi ni bàbá yẹn. Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ojú ló tì mí."

Ẹnjiníà ní òun ò ní tàn án jẹ, iṣẹ́ ti tán níbẹ̀, àwọn ti gba ibòmíràn lọ, àfi kí wọ́n máa retí ọjọ́ iwájú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú.

Bí Lọ́yà ṣe jáde, bàbá rẹ̀ ti dìde dúró. Ilẹ̀kùn ò pa dé, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "O ... o sọ ọ́ dáadáa," ló wí. Inú rẹ̀ dùn ní tòótọ́, ó hàn lójú rẹ̀, ìdùnnú yẹn ló sì mú kí Lọ́yà bú sẹ́kún nínú ọ́fíìsì ìjọba, níṣojú gbogbo ayé.

Lọ́yà ti dàgbà sí i báyìí. Wọ́n máa ń ní kó bá àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló sì máa ń sọ fún wọn: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ dí wọn lẹ́nu lọ́jọ́ tí ará ilé wọn bá nílò wọn, torí ẹ̀rín ò ní pẹ́ tán, ohun tí wọ́n bá sì pàdánù lè má padà mọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Á dúpẹ́, á sì rìn yí ká gba orí afárá ilé epo lọ sílé, níbi tí bàbá rẹ̀ ò tíì dé láti ibi iṣẹ́.