Òkúta Erékùṣù Tẹ́nìkan Ò Gbé

Àwọn tó wà ńbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní Peckham nìyí: Àìṣát tó jẹ́ àgbà; Bàrákàt àbúrò rẹ̀; Hamid ọkọ Bàrákàt, tó fi aṣọ di ọwọ́ ọ̀tún; àti Basit, ọmọ-ọmọ Àìṣát.

Bàrákàt àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé láti òkun Mẹditaréníà. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé erékùṣù kékeré kan tẹ́nìkan ò gbé, àfi aláǹgbá dúdú tí kò sí níbòmíràn, àti sàréè àwọn atukọ̀ tí àjàkálẹ̀ àrùn pa láyé àtijọ́. Bàrákàt ń ròyìn, inú ń ta Àìṣát bí ata. Ọmọ tí òun pọ̀n dàgbà! Ogún ọdún ni òun fi nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní Walworth, ta ló mú òun lọ wo òkun?

Wọ́n tẹ́ ẹ̀bùn àjò sórí tábìlì. Nílé wọn, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Àìṣát ò wo ọṣẹ, kò wo ìborùn. Ohun tí Bàrákàt fi áńkáṣíìfù wé sínú báàgì ló nàka sí.

"Sister mi, ìyẹn kọ́. Òkúta lásán ni."

"Òkúta lásán lo wá ń fi pamọ́ fún mi? Ahun!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú gbogbo ìyókù."

"Èyí ni mo fẹ́."

Òkúta funfun náà tutù bí ẹja inú yìnyín. Bí Àìṣát ti gbà á, Hamid mí kanlẹ̀, ó di ìyàwó rẹ̀ mú bí ẹni tó ti pẹ́ tó rí i.

Lọ́jọ́ kẹta, iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí kápẹ́ẹ̀tì Àìṣát. Lóru, ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ á tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí èèyàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Gilbert aládùúgbò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, awọ ọwọ́ Gilbert bó.

Àìṣát pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Orí sàréè ni mo ti mú un," Bàrákàt dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. "Òkú tó ni ín ń jowú ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn mí, òun ló bó Hamid lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jù ú sódò, inú báàgì mi ni mo tún ti bá a. Àfi ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè rẹ̀ ló lè gbà á lọ́wọ́ ẹni."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo ní kẹ́ ẹ mú ìyókù, Sister mi. Ọkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Basit ti ilẹ̀kùn wọlé, ó na apá méjèèjì láti dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àìṣát rọra yí ojú sí ọmọ náà.

"Basit, dúró síbẹ̀! Kí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Má pè mí ní Grandma. Fa ilẹ̀kùn dé, kó o máa lọ."