Ìrù Mọ́tò Tí Learco Gé

"Olè! Learco, olè ni ọ́! Olè tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!"

Nives ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, tí tọ́tẹ́línì, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sí nínú, sì ń tutù nínú omi ẹran níwájú gbogbo wọn. Learco, ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń da wáìnì sínú ife Iole, àbúrò Nives, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni ibi! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bàbá àwọn obìnrin méjèèjì, Bàbá Ermete, ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò asáré nítòsí Modena ní Ítálì. Àádọ́ta ọdún ló fi lu páànù di ara mọ́tò kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ló wá fi ń ríran. Wọn kì í kun mọ́tò kankan lọ́dà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fọwọ́ pa á láti iwájú dé ìdí. Ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ya àwòrán mọ́tò tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni yóò jogún ilé iṣẹ́.

Nives ló yà á. Odindi ọdún mẹ́ta! Àmọ́ Iole jí ìwé àwòrán náà fún Learco, nítorí ó ti lé lọ́dún kan tí Learco ti ń yàn án lálè.

"Mo fi Màríà Wúńdíá búra," Learco wí, "èmi ni mo yà á."

"Ojú mi ló ṣe, Bàbá," Iole gbè é lẹ́sẹ̀. "Owú ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ."

"Ó dáa, tìẹ ni! Kí ló dé tó o gé ìrù rẹ̀?" Nives fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ìrù tó ga yẹn ni atẹ́gùn fi ń tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀! Tí eré bá ti pọ̀, mọ́tò yẹn á fò kúrò nílẹ̀!"

"Ó rí bíi pátákó ìlọṣọ," Learco dáhùn. "Ta ló máa ra pátákó ìlọṣọ?"

Loris, ọmọ kan ṣoṣo tí Nives àti Learco bí, òun ló máa ń wa mọ́tò wọn dánwò. Ó ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Màmá, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ ò fẹ́ kí ọkọ yín níyì rárá? Mò ń wà á lọ́la."

"Loris, mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́, má wà á!"

"Tí mo bá dé, ẹ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi, níwájú gbogbo èèyàn."

Bàbá Ermete dá sí i. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ná."

"Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, Bàbá," Learco yára dáhùn. Irọ́ burúkú! Ó ti mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún kí Bàbá tó fọwọ́ pa á, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀dà gbẹ. Iole, àbíkẹ́yìn tí bàbá ń kẹ́, ní òótọ́ ni. Mi ò lè dárí ohun tí Bàbá Ermete ṣe lẹ́yìn ìyẹn jì í: ó mú ṣíbí rẹ̀, ó ń jẹun lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn dúró létí pápá eré, rédíò tí wọ́n fi ń bá Loris sọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ Learco.

"Eré ti di igba ó lé ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan," Loris wí látinú mọ́tò.

"Tẹ̀ ẹ́ sí i, ọmọ mi!" Learco dáhùn.

"Ìdí rẹ̀ ń fúyẹ́... Ó ti ń gbé mi! Màmá! Òótọ́ lẹ sọ! Màm..."

Rédíò dákẹ́.

Wọ́n gbé òkú Loris kúrò, wọ́n sì mú Bàbá Ermete dé ibi tí páànù mọ́tò fọ́nká sí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ibi tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú.

"Nives nìkan ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ páànù báyìí," ó wí. Ó fọwọ́ wá ìdí mọ́tò, ó sì kan ojú ibi tí wọ́n gé. "Ta ló gé e? Iole, ta ló gé e?!"

"Learco ni! Bàbá, èmi ni mo jí ìwé náà! Ẹ pa mí!"

Learco fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àwọn mẹkáníìkì gbá a mú. Ní kóòtù, ìwé tó buwọ́ lù pé òun ló ya mọ́tò náà ni adájọ́ fi dá a lẹ́bi. Ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀wọ̀n báyìí. Iole náà ń ti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn, kò sí ìbátan tó ṣí i fún un.

Bàbá Ermete kó kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lé Nives lọ́wọ́. "Tìẹ ni. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Loris pàápàá gbà ọ́ gbọ́ kó tó lọ."

"Ta ló fẹ́ kó gbà mí gbọ́?" Nives bú sẹ́kún. "Kó padà wá bú mi ni mo fẹ́! Àforíjì tó ní kí n tọrọ yẹn, Bàbá, orí ìkúnlẹ̀ ni mi ò bá ti tọrọ ẹ̀!"

Afọ́jú náà nawọ́ láti dì í mú, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ìró kọ́kọ́rọ́ tó jábọ́ sílẹ̀ nìkan ló gbọ́.