Ìjọ Tí Kì Í Ṣe Oore-Ọ̀fẹ́

Mi ò mu ọtí, mi ò sì sùn lójú ìsìn rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá sí Ìṣẹ̀rí-Olófin, kó béèrè Ìyá Yẹ́misí tó ń túmọ̀ ìwàásù. Màá tún un sọ lójú ẹ̀. Mi ò ní yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Àkówónjò lọ́dún 1991 tí mò ń wí yìí. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń ráyè fún ìjọ. Ìjọ wa ò tóbi. Páànù ló wà lórí, sìmẹ́ńtì ló wà nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndò ló wà. À ń kọrin, à ń gbàdúrà, à ń dáwó bíi ti gbogbo ìjọ. Ohun kan ṣoṣo ni a kì í ṣe. A kì í ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ẹ mọ oore-ọ̀fẹ́: àdúrà tí gbogbo ìjọ máa ń jùmọ̀ gbà kẹ́yìn, tí wọ́n á ṣe àmín, tí kálukú á wá gbalé lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí orin ìkẹyìn bá ti ku ẹsẹ kan, a ó dákẹ́. A ó máa yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Ìta la ti ń kí ara wa. Àlejò tó bá rí wa á rò pé orí wa ò pé.

Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ló fà á. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìjọ bá pa rọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ tó ń dún. Kíì. Bí ìgbà tí ìdí bá ń ro èèyàn, tó wá sún ìjókòó díẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó gbóòórùn kàfúrà.

Lọ́dún tí wọ́n dá ìjọ náà sílẹ̀, wọ́n ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tó wà ní bẹ́ńṣì yẹn sì dìde bí gbogbo èèyàn ṣe dìde, ó bá Bàbá Ọláyíwọlá, ọ̀kan nínú ìjọ, relé. Bàbá ò sọ ohun tó rí. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó jáde, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, òun náà wá ti ilẹ̀kùn pa, ó kó lọ sí Barúwà. Nígbà tí bẹ́ńṣì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́jọ́ Àìkú, àwọn alàgbà fohùn ṣọ̀kan. Bí ìsìn ò bá tíì parí, kò ní dìde. Tí kò bá dìde, kò ní bá ẹnikẹ́ni relé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ kí Abigail tó dé. Ará Gánà ni, láti Sekondi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n rán an wá bíi míṣọ́nnárì, kó máa kọ́ àwọn ọmọdé. Ó kúrú, ẹ̀rín ẹ̀ sì ń dé títì. Ẹ káàárọ̀ nìkan ló mọ̀ ní Yorùbá, ọ̀sán gangan ló sì fi ń kí wa. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ níbí. Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀.

Àìsàn gbé Pásítọ̀ Adéríbigbé ṣánlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Iléṣà. Ni àwọn àgbà ìjọ ní Ìbàdàn bá ránṣẹ́ pé kí Abigail máa mójú tó ìjọ. Ojú Alàgbà Kọ́lápọ̀, olórí àwọn alàgbà wa, ro kókó. Obìnrin! Ọmọdé! Ará Gánà! Síbẹ̀ ó pè é.

"Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ," ó wí. "Oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni kó o má ṣe."

"Kí ló dé, sà?"

Ó sọ fún un. Mo túmọ̀ ẹ̀.

Abigail ò rẹ́rìn-ín. "Ta ni onítọ̀hún?"

"A ò mọ̀."

"Ẹ ò bi í?"

Alàgbà wò mí. Abigail tún béèrè.

"Kí ló ṣe fún Bàbá Ọláyíwọlá?"

"Ó bá a relé. Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

"Ẹ̀yin ń lọ sílé, ẹ ń jẹun, ẹ ń sùn," ni ọmọ náà wí. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Òun wá jókòó sórí igi látọdún yẹn. Torí pé ẹ̀rù ń bà yín."

Alàgbà lu tábìlì. "Tó o bá dán an wò, Gánà lo máa padà sí. Mo ti sọ tèmi."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òjò ṣú láti ìhà Ìdímù. Èrò kún ìjọ, torí ọ̀rọ̀ ti ta sí wọn létí. Ó wàásù, mo túmọ̀. Orin ìkẹyìn ku ẹsẹ kan. A dákẹ́. Àwọn kan ti ń dìde.

"Ẹ jẹ́ ká kọ eléyìí tó kù," ni Abigail wí.

Òun nìkan ló kọ ọ́. Ohùn ẹ̀ ò dáa rárá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ó kọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe oore-ọ̀fẹ́."

Ó wá ku èmi ògbufọ̀. Alàgbà Kọ́lápọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kankan máa mi orí sí mi. Mo túmọ̀ ẹ̀, mo sì pariwo ẹ̀!

Ìjọ tú. Bàtà wọn kù sílẹ̀. Àwa méjì la ṣe oore-ọ̀fẹ́ náà níwájú àga tó ṣófo. A ṣe àmín.

Ibẹ̀ dákẹ́. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Àmín."

Láti ẹ̀yìn ni. Ohùn obìnrin. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

Bẹ́ńṣì dún. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ó rìn. Ó dúró. Ó tún rìn. Òórùn kàfúrà kún ọ̀fun mi. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Mi ò rí i. Etí gèlè mi ló ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń mí sí i. Mo rántí Yẹ́misí ọmọ mi nílé.

"Kì í ṣe òun," ni Abigail wí, jẹ́jẹ́. "Èmi ni. Ilé mi là ń lọ."

Ìgbà yẹn ni òjò dé. Abigail ṣí agboòrùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òjò ń na òun, abẹ́ agboòrùn ṣófo. Wọ́n gba iwájú Alàgbà kọjá. Mo ní wọ́n, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, á mi orí bí ẹni tó gbọ́ èsì, á tún máa sọ ọ́ lọ.

Látọjọ́ náà, bẹ́ńṣì ò dún mọ́. Ọkàn mi ò sì balẹ̀, torí Abigail ń gbẹ. Mo lọ wò ó nínú yàrá tó háyà ní Ìdímù. Abọ́ méjì wà nílẹ̀, ẹní méjì. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹnì kan ń gbọn aṣọ. Pà. Pà.

"Lé e jáde, jàre," mo sọ ọ́ sí i létí. "Abigail, mo bẹ̀ ẹ́."

Aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n dákẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà," ó wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá jí, ẹsẹ̀ mi máa ń tutù. Ẹnì kan á ti fọ̀ ọ́." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé èmi rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá bàbá mi tó ń kọ́ni ní Ẹgbẹ́dá níbí ni, ní 1983, tí wọ́n ní kí gbogbo ará Gánà máa lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà la sùn. Mi ò ní ṣe é fún ẹlòmíràn, mà. Kó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí mi ò rí."

Mo dìde. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn aṣọ.

Alàgbà Kọ́lápọ̀ ti fi ẹjọ́ sùn ní Ìbàdàn. Ẹni-ọ̀wọ̀ Olúgbénga ni wọ́n rán wá, tòun ti kóòtù àti táì, nínú mọ́tò ìjọ. Ó dúró níwájú gbogbo wa, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rù lásán ló ń bà wá. Ó kọjú sí Abigail.

"Sọ fún ìjọ pé ìwọ nìkan lò ń gbé. Pé kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ ẹ. Tó o bá ti sọ ọ́, ọwọ́ ẹ ni ìjọ yìí máa wà. Tó ò bá sọ ọ́, mọ́tò ń dúró."

"Sọ ọ́," mo rọ̀ ọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ó wo àwọn ọmọ tó ń kọ́, tí wọ́n jókòó níwájú. Mo rí i pé ó nífẹ̀ẹ́ wọn, ó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. Kò dúró de èmi ògbufọ̀. Yorùbá ló fi sọ ọ́.

"Mo ní àlejò."

Bó ṣe lọ kẹ́rù ẹ̀ ní Ìdímù nìyẹn. Àwọn ọmọ ń sunkún, èmi sì ń bú Alàgbà Kọ́lápọ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti lé e, àbí?

Ẹni-ọ̀wọ̀ Olúgbénga ti jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò, ó ya ẹsẹ̀, Bíbélì ẹ̀ wà lórí àga. Nígbà tí Abigail kẹ́rù dé, dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn. Abigail bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀. Àwa méjì ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó fa imú. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ó mú Bíbélì ẹ̀ lé orúnkún. Ó sún. Ó sún títí ó fi fara ti ilẹ̀kùn kejì. Abigail wọlé, ó jókòó sí etí níhìn-ín, àyè ńlá wà láàárín wọn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, èmi ni mo sì sún mọ́ ọn jù. Mo gbọ́ ohun tí Ẹni-ọ̀wọ̀ Olúgbénga sọ, bó ṣe tẹrí ba. Kì í ṣe Abigail ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."