Apá Kẹta Ojú Irin Àtijọ́

"Ọ̀nà tá a jọ gùn lọ́dún tó kọjá, kí lo tún fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" Ọ̀rẹ́ Kíákíá fara ti géètì ilé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí òkúta máa ń bímọ ni?"

Kíákíá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti dé akoto, ó ti fi ẹsẹ̀ kan lé kẹ̀kẹ́, ìwé àti bírò sì wà nínú àpò rẹ̀. Kíákíá kì í ṣe orúkọ àbísọ o. Ìwà rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un tí kì í parí kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó ṣe é dáadáa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò le. Ojú irin àtijọ́ kan wà tó gba inú oko lọ sí abúlé tó wà lẹ́yìn òkè. Wọ́n ti wú irin rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ọkọ̀ kankan kì í gba ibẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ilé ìwé wọn fẹ́ ya àwòrán ọ̀nà náà fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Kí kálukú gun apá tirẹ̀, kó kọ ibi tí òkúta ti kúnná, ibi tó ti tóbi, àti ibi tí omi máa ń dúró sí. Apá kẹta, láti ibi afárá títí dé abúlé, ni ti Kíákíá. Ogún máàkì ló wà nínú rẹ̀.

"Ìròyìn ò tó àfojúbà," olùkọ́ ti kìlọ̀ fún wọn. "Ohun tẹ́ ẹ ò bá rí, ẹ má kọ ọ́."

"Fíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wálé, ọ̀la ló ń gbé e lọ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún wí.

Kíákíá wo ọ̀nà, ó wo géètì, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti kọ ìròyìn apá kẹta, bí fíìmù ṣe ń lọ lọ́wọ́: "Afárá le dáadáa. Lẹ́yìn afárá, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, òkúta ibẹ̀ kúnná. Ẹ lè tú bíréèkì sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré lọ fúnra rẹ̀." Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Máàkì méjìdínlógún ni olùkọ́ fún un.

Aránṣọ ni ìyá Kíákíá. Nígbà kan rí, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a dànù lójú títì. Ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wà lára ògiri yàrá ìránṣọ, tó ń kó eruku. Nígbà tí wọ́n tẹ àwòrán ọ̀nà náà jáde, ìyá kà á nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ta ló kọ apá kẹta yìí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ojú ara rẹ lo fi rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ ò gba ibẹ̀, ọmọ mi ló sì wò ó. Bí mi ò bá gun eléyìí, a jẹ́ pé mi ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé mi nìyẹn." Ó gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó nù ún, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọmọ ti la ẹnu sọ òótọ́ nìyí o. Kò là á.

Àárọ̀ Sátidé, ènìyàn méjìlá ló kó kẹ̀kẹ́ jáde láti gun ọ̀nà náà, olùkọ́ sì wà láàárín wọn. Ara Kíákíá kò lélẹ̀. Afárá ló ń bà á lẹ́rù: bí pákó rẹ̀ bá ti jẹrà ńkọ́? Ó sáré ṣáájú gbogbo wọn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá pákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó le bí irin.

"Háà, orí mi ò gbàbọ̀dè!" ló wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń kọjá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọjá. "Wò ó, mo ṣì mọ̀ ọ́n gùn!" ló ń pariwo. Ó tú bíréèkì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ó sì yà ní kọ́nà. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ gbàà! Kíákíá àti àwọn yòókù sáré lọ síbẹ̀.

Àgbàrá ti wọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ nígbà òjò, àwọn àgbẹ̀ sì ti kó òkúta tó tóbi tó ìkúùkù dí i. Àárín òkúta ọ̀hún ni ìyá jókòó sí, ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ ọ̀tún mú. Àgbẹ̀ kan sáré ti inú oko jáde. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Òkúta yìí ti pé oṣù mẹ́ta níbí!"

Ìyá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. "Kíákíá, ṣé o gba ibí yìí?"

Gbogbo ojú ń wò ó. Omijé ti dé. "Rárá, Màámi. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo ti kọ ọ́."

Ìyá kò jágbe mọ́ ọn. "Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ló wí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọrùn ọwọ́ ló kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀rọ ìránṣọ fi dákẹ́, tí àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kíákíá ń fọṣọ, ó ń dáná, ó ń ya irun ìyá rẹ̀. Olùkọ́ gba gbogbo àwòrán náà padà, ó sì fún un ní òdo. "Ṣùgbọ́n apá kẹta ṣì wà níbẹ̀," olùkọ́ sọ. "Ṣé wàá gùn ún?"

Sátidé mẹ́ta ló fi gùn ún. Kò yára.

Nígbà tó gbé ìwé tuntun wálé, ìyá ti ń gbìyànjú láti fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Ó gba ìwé náà, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Mo rí i, Màámi."

"Èyí ńkọ́?"

"Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà tó kẹ́yìn: "Lẹ́yìn oko àgbàdo, ọ̀nà kékeré kan yà sápá òsì. Omi bò ó. N kò gbà á kọjá, n kò mọ bó ṣe rí."

"Kí ló dé tó o kọ èyí? Wọ́n á yọ máàkì rẹ."

"Torí mi ò mọ̀ ọ́n ni, Màámi."

Ìyá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èyí ló jẹ́ kí n gba gbogbo ìlà tó kù gbọ́." Ó ká ìwé náà, ó sì nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó wà lára ògiri. "Fẹ́ atẹ́gùn sí táyà yẹn fún mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ṣáájú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀, ojú lè tì í fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó purọ́ pé òun mọ̀, ẹlòmíràn ni yóò ṣubú sórí irọ́ náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fọkàn tán an jù lọ.