Olú Tó Pẹ́ Jù Lára Ọ̀rá

Torí kí ìyá ìyàwó lè rí olú ńlá, ọkùnrin kan kọ̀, kò ká olú nígbà tó yẹ, àyà ìyàwó rẹ̀ ló sì forí fá a.

Àgbàdo ló ń fi ẹ̀rọ yin. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, ó fẹ́ ṣáná sí òkìtì ṣùkù àgbàdo nígbà tí ọmọbìnrin kan bẹ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún!"

"Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Àbí ewúrẹ́ ni ẹ́?"

"Olú mi ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi gbé àpò, ẹ yé wò mí."

Ó bá a gbé e délé. Nínú yàrá kan tó tutù, ọmọbìnrin náà ń ki ṣùkù tó ti lọ̀, tó sì ti sè, sínú ọ̀rá pẹ̀lú irúgbìn olú. Ó so aṣọ mọ́ imú nítorí lẹ́búlẹ́bú tí olú tó bá pẹ́ máa ń tú, ó fún ọkùnrin náà ní tiẹ̀. Olú ń yọ lára ọ̀rá bí etí ọmọ tuntun.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa níbí o. Etí ni gbogbo wọn."

Bó ṣe di Oníṣùkù nìyẹn, tí ọmọbìnrin náà sì di Olólú rẹ̀.

Ìyá Olólú ò gbà kí wọ́n fẹ́ra. "Ìwọ ń tọ́jú pàǹtírí, òun ń kó pàǹtírí wá. Kí lẹ fẹ́ bí?" Síbẹ̀, ó ní òun á wá fojú ara òun rí i.

Nígbà tí Olólú fẹ́ lọ mú ìyá wá, ó ní: "Oníṣùkù mi, bí etí wọn bá ti ń tẹ́, ká wọn. Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Etí olú tẹ́. Oníṣùkù kò ká wọn. Ọkùnrin tí ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, olú ló fẹ́ kó bá òun sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi dé, olú ti fẹ̀ bí àwo, lẹ́búlẹ́bú funfun rẹ̀ ti bo ilẹ̀, ó ń fò kiri bí ìyẹ̀fun.

"Háà!" ni ìyá wí lẹ́nu ọ̀nà. "Èyí mà tóbi o! Ọkọ ọmọ mi, o kú iṣẹ́."

"Kí lo ṣe yìí?" Olólú rọra bi í, kí ìyá má bàa gbọ́. Ó ki aṣọ imú sápò kẹ́rù má ba ìyá, ó ká olú, ó sì gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò fẹ́ kójú ti ọkọ òun.

Lẹ́búlẹ́bú olú wọ Olólú láyà, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Mímí di wàhálà. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn mọ́ láéláé.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá ló jó jù.

Oníṣùkù ló ń tọ́jú olú báyìí. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á dúró lódìkejì àgbàlá.

"Ṣé wọ́n ti yọ?"

"Wọ́n ti yọ."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Á wá ọ̀rọ̀ títí. "Wọ́n funfun."

"Ó dáa, olówó orí mi." Á sì wọlé lọ.

Iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, ẹnu ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù tó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀hún ò sì mọ̀ ọ́n sọ.