Ìṣó Inú Gẹdú

Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi kò tíì gbẹ lára ẹ̀rọ ìlagi tí ọ̀gá tó ni ilé ìlagi fi ní kí wọ́n tún tàn án. Ojú mi ló ṣe, torí èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Ìka mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà gé. Bọ̀ọ̀dá Gíga, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ló gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí bàbá mi délé, ó ní, "Ṣé o rí ayùn ọlọ́wọ́? Bó bá rẹ̀ ọ́, òun náà á dúró. Ohun tí kò bá mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́, kì í ṣe irinṣẹ́ rẹ, ọ̀gá rẹ ni."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká ba ẹ̀rọ náà jẹ́."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Lọ kàwé ìdánwò rẹ."

Ìwé wo? Mo kórìíra ẹ̀rọ yẹn bí ẹni kórìíra ènìyàn. Bàbá mi kì í la igi láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti ìdí dé orí, kó má lọ ní ìṣó nínú. Ọ̀gá ti wá fòfin de ìyẹn, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òfin yẹn ni mo gbójú lé, pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ wá ìṣó. Ní ọ̀sán Sátidé, bí wọ́n ṣe ń jẹun, mo kan ìṣó gígùn kan wọnú gẹdú tó kàn láti là, mo fi ẹrẹ̀ bò ó, mo sá sẹ́yìn òkìtì pákó. Ẹ̀rín ń pa mí.

Bí wọ́n ti gbé gẹdú náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ayùn kán lóòótọ́. Ègé rẹ̀ kan fò, ó wọ Bọ̀ọ̀dá Gíga lójú.

"Èmi ni!" Mo bú sẹ́kún. "Èmi ni mo kan ìṣó!"

Ọ̀gá gbá mi létí. Mo wojú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín. Ta ló ní kí wọ́n má fọwọ́ wo igi mọ́?"

Ọlọ́pàá ló pè.

Àgọ́ wọn ni mo wà lọ́jọ́ ìdánwò. Kí n tó jáde, ọ̀gá ti ra ayùn tuntun tó tún yá ju ti àtijọ́. Ojú Bọ̀ọ̀dá Gíga kò lọ́jà tí wọ́n ti ń tà á. Mo lọ kúnlẹ̀ fún un.

"Àbúrò," ó ní, "ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé o bá òun jà. Èmi ni mo mọ̀."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò ní purọ́, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Irin kì í mọ ìrora. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó lọ kojú ẹni tó ń tan ẹ̀rọ, ní gbangba, kó má fi ojú ọmọ ẹlòmíràn gbẹ̀san.